Kọ̀ǹpútà tí kò lo háàdì dísíkì: ta ló ń jí i?

Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10, ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni kò mọ ohun tí wọn yóò fi kọ̀ǹpútà àtijọ́ ṣe, nítorí Windows 11 ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ṣípù ààbò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Ìwó lè fi wọ́n ṣiṣẹ́ síbẹ̀, tí wọ́n bá ń gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tan wọ́n, láìlo dísíkì inú wọn.

Íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ là ń sọ o. Wáyà inú ilé ti tó. Dátà ì báà tán, iṣẹ́ á máa lọ.

Nígbà tí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà náà, kò tíì ní àdírẹ́sì, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. PXE, ètò kékeré inú káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Intel gbé jáde ní ìparí àwọn ọdún 1990, ló ń kígbe sórí wáyà bí àlejò tó ń kágò lóru. DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pèsè fáìlì fún ìyókù, á dáhùn, á fún un ní àdírẹ́sì, á sì dárúkọ fáìlì tó yẹ kó gbà. TFTP, ọ̀nà ìgbé fáìlì kan, ló ń gbé fáìlì náà wá, báìtì 512 lẹ́ẹ̀kan. Kò ní fi èyí tó kàn ránṣẹ́ àfi tí kọ̀ǹpútà bá dáhùn pé èyí tó ṣáájú ti dé. Ó lọ́ra, ìdí nìyẹn tí iPXE, ẹ̀yà PXE mìíràn, fi ń gba HTTP, ọ̀nà tí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù ń gbà wá. Lẹ́yìn náà, RAM àti ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ibi ìpamọ́ nìkan ló yá lọ́wọ́ sáfà.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. BOOTP, tó ṣáájú DHCP, ti wà láti ọdún 1985. Ní 1999 ni Jim McQuillan bẹ̀rẹ̀ LTSP, tó ń fi Linux ṣe é.

Èrè rẹ̀ fún wa wà lára iná. Bí iná bá lọ lójijì, kò sí dísíkì tó máa bàjẹ́ lórí tábìlì òṣìṣẹ́. Sáfà nìkan ló nílò ínfátà gidi. Ṣùgbọ́n bí sáfà bá ṣubú, gbogbo ọ́fíìsì ló dákẹ́. Kódà bí kò bá ṣubú, àṣìṣe kan lórí sáfà lè kan ọ̀pọ̀ ènìyàn: àtúnṣe tí kò dé sáfà ẹkùn Èkó àti Owerri nínú ìdánwò JAMB 2025 kan akẹ́kọ̀ọ́ 379,997. Lójú tèmi, sáfà kan ṣoṣo kò tó. Ó yẹ kí ìkejì wà nílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ta kọ̀ǹpútà yín ní gbàǹjo, ẹ wo BIOS rẹ̀ bóyá PXE wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹyọ méjì dán an wò.