Nígbà tí Ààlà Gba Ìbò Lọ́wọ́ Obìnrin

Nínú ìdìbò ọdún 1959 tí ó ṣáájú òmìnira Nàìjíríà, obìnrin Òṣogbo ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ṣùgbọ́n obìnrin Ọ̀fà kò ní. Ọmọ Yorùbá ni àwọn méjèèjì; ààlà Ẹkùn Àríwá ni ó yà wọ́n. Ọkùnrin nìkan ni òfin gbà láàyè níbẹ̀. Ìyá oníṣòwò tí ó bá ti Ìbàdàn ṣí lọ sí Kánò ti pàdánù ìbò rẹ̀ nìyẹn.

Ọdún 1976 ni ìjọba ológun tó yí òfin náà padà; ní 1979, tọkùnrin tobìnrin Òkè Ọya ni ó dìbò yan Ààrẹ. Ohun tí àwọn ìyá fi ọdún 17 retí, kò yẹ kí àwọn ọmọ fi ṣeré.