Àṣà Nínú Kíláàsì Èdè: Ọmọ Yorùbá ní Àpáta, Jos, àti Àpẹẹrẹ Mẹ́síkò

Ìlànà ẹ̀kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà. Báyìí náà ni ìdánwò WAEC ṣe pín in. Ìpín yìí rọ ẹni tí ń ṣètò ìbéèrè ìdánwò lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó ti mú kí olùkọ́ púpọ̀ máa rò pé àṣà ṣeé yọ kúrò lára èdè, kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan títí di ìparí sáà, nígbà tí gírámà bá ti tán. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn, ohun tí olùkọ́ bá fò, ìyá àgbà lè kọ́ ọmọ nílé. Ní Àpáta, ní ìlú Jos, ìyá àgbà lè má sí nítòsí. Bí ó bá sì wà, ó lè jẹ́ Hausa ni òun náà fi ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ kùsà tánganran, àti ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Bukuru ní 1914, wà lára ohun tí ó sọ Jos di ìlú àlejò. Yorùbá wà lára àwọn tí ó wá: oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin, akọ̀wé ìjọba, òṣìṣẹ́ rélùwéè. (Kùsà tí Yorùbá ń wí yìí pàápàá kò jìnnà sí kuza tí Hausa ń pe tánganran.) Ọmọ àti ọmọ-ọmọ irú wọn ni olùkọ́ Yorùbá ń bá pàdé lónìí. Hausa ni wọ́n fi ń rajà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kàwé. Nínú ilé mìíràn, Yorùbá ti di èdè tí bàbá àti ìyá fi ń sọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí ọmọ gbọ́. Bí a bá pè é ní èdè abínibí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a purọ́ díẹ̀. Bí a bá pè é ní èdè àkọ́kúntẹni, inú òbí rẹ̀ kò ní dùn. Ìlànà ìjọba ti 2022, tí ó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé e ní 2025. Nítorí náà, ìwọ̀nba wákàtí tí Yorùbá bá ní gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́ yòókù ni ó kù, bí ilé-ìwé bá tilẹ̀ rí olùkọ́ rẹ̀. Ohun tí kíláàsì bá fi ṣòfò, ó ṣòro kí ọmọ náà tó rí i gbà níbòmíràn.

Olùkọ́ tí ó wà nínú irú ipò yìí kò dá nìkan wà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń jókòó sí kíláàsì èdè Sípáníìṣì ni òbí wọn ti Mẹ́síkò wá, tí wọ́n ń gbọ́ èdè náà nílé, ṣùgbọ́n tí kò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Àṣà Mẹ́síkò ni olùkọ́ fi ń fa ojú wọn mọ́ra. Ibi tí ó sì ti rọrùn jù láti ṣìnà ni ọjọ́ ọdún. Bí ọjọ́ karùn-ún oṣù Karùn-ún bá pé, wọn á fi àsíá ṣe kíláàsì lọ́ṣọ̀ọ́, wọn á jẹ oúnjẹ Mẹ́síkò, àwọn kan á sì ní ọjọ́ òmìnira Mẹ́síkò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ogun tí ọmọ ogun Mẹ́síkò fi ṣẹ́gun Faransé ní Puebla ní 1862 ni ọjọ́ náà ń rántí. Yàtọ̀ sí Puebla, ariwo rẹ̀ pọ̀ ní Amẹ́ríkà ju Mẹ́síkò lọ, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹsàn-án sì ni ọjọ́ òmìnira. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìwọ́de ńlá Ọjọ́ Àwọn Òkú ní olú-ìlú Mẹ́síkò. 2016 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn tí fíìmù James Bond kan, Spectre, ti fi irú rẹ̀ hàn ní 2015. Àjọ̀dún fúnra rẹ̀ ti pẹ́. Ìwọ́de yẹn ni ọmọdé.

Kí olùkọ́ Yorùbá má tíì rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àṣà tí àwọn ilé-ìwé ń ṣe kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ wọ agbádá, ó dé fìlà, ó jẹ iyán, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé iyán fún un.

Olùkọ́ Sípáníìṣì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú a máa bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè gan-an. Tú ni a fi ń bá ojúgbà sọ̀rọ̀, usted ni ti àgbà àti ẹni ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá pe ọmọ Mẹ́síkò tí a kọ́ dáadáa, mande ni yóò fi dáhùn, kì í ṣe qué, èyí tí ó lè dún létí àgbà bí ìgbà tí ọmọ Yorùbá bá dáhùn pé 'Kí ló dé?'. Ẹni tí ó bá sì kọjá lára ẹni tí ń jẹun á ní provecho, ìbáà jẹ́ àjèjì ni. Kò sí àsíá nínú gbogbo èyí, kò sí fìlà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, síbẹ̀ àṣà ni.

Ti Yorùbá jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Àpáta lè mọ gbogbo ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ lórí àtẹ, kí ó sì wí fún bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, 'O ti dé?' Bí wọ́n bá ní kí ó wá jẹun, tí ó sì dáhùn pé, 'Rárá, n kò jẹ,' gírámà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ó ti rí onílé fín. 'Á gba ibi ire' ni èsì, gbólóhùn tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ kò lè sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kíkọ̀ ni.

Ìkíni ni ó ṣe kedere jù. Olùkọ́ á kọ́ wọn ní 'ẹ káàárọ̀, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́' ní ọjọ́ kìíní, á sì gbà pé ìkíni ti tán. Bẹ́ẹ̀ ẹ kú ìjókòó wà, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Jókòó di ìjókòó, bọ̀ di àbọ̀, ná owó di ìnáwó: ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sá fún wà níbẹ̀ gbáko, ẹni tí ó bá sì béèrè ìdí tí a fi ń kí ẹni tí ó náwó ti dé inú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ẹgbẹ́. Ọmọ Jos tilẹ̀ ní àǹfààní kan. Ó ti mọ 'sannu da aiki' àti 'sannu da zuwa' lọ́jà. Ìlò wọn kò yàtọ̀ sí ti ẹ kú iṣẹ́ àti ẹ kú àbọ̀. Kí olùkọ́ gba ibẹ̀ wọlé dípò kí ó máa bá ọmọ wí pé ó sọ Hausa. Ìlú náà sì fi ohun tí ó tó mítà 1,200 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. 'Ẹ kú ọyẹ́' tí ọmọ Èkó lè kà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé, ọmọ Àpáta á mọ̀ ọ́n lára ní oṣù Kejìlá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ìgbàgbọ́. Jos ti rí ìjà ẹ̀yà àti ti ẹ̀sìn ní 2001, 2008 àti 2010, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Kò yẹ kí a bá olùkọ́ wí bí ó bá ń bẹ̀rù láti dárúkọ egúngún níwájú ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì tí òbí wọn lè wá béèrè ohun tí ó ń kọ́ wọn. Irú ìbẹ̀rù yìí kò ṣàjèjì sí olùkọ́ Sípáníìṣì, nítorí pé ní ilé-ìwé ìjọba Amẹ́ríkà, olùkọ́ lè kọ́ni nípa ẹ̀sìn, kò lè mú ọmọ ṣe é. Pẹpẹ olóògbé tí a ń pè ní ofrenda, pẹ̀lú àwòrán, àbẹ́là, òdòdó àti búrẹ́dì, lè dà bí ìbọ lójú òbí kan. Olùkọ́ tí ó gbọ́n á ṣàlàyé pé ọjọ́ kìíní àti ìkejì oṣù Kọkànlá tí ó bọ́ sí ni Ìjọ Àgùdà fi ń rántí àwọn ẹni mímọ́ àti àwọn òkú, tí àṣà àwọn ọmọ onílẹ̀ sì wọ inú rẹ̀. Àlàyé ni iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ìsìn.

Ti Yorùbá rọrùn ju èyí lọ, nítorí pé ó ti wà nínú rẹ́jísítà. Babátúndé, Yétúndé àti Ìyábọ̀ wà nínú ilé Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, ìgbàgbọ́ nínú àtúnwá ni ó sì bí wọn. Ọ̀jẹ̀níyì ń sọ ti ìdílé egúngún, Fágbèmí ń sọ ti ìdílé Ifá. Àwọn mìíràn ti fi Olú tàbí Jésù rọ́pò Ifá nínú orúkọ wọn, ìyẹn pàápàá sì jẹ́ ìtàn tí ó tọ́ sí kíláàsì. Olùkọ́ tí ó bá ní kí ọmọ lọ béèrè nílé ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀ kò gbé eégún wọ kíláàsì, síbẹ̀ ó ti kan ohun tí egúngún dúró fún. Bí ó bá sì ní Yorùbá ni kí ọmọ fi gba èsì wá, òbí náà ti di olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kù. Òfin 2003 ní Mẹ́síkò ka èdè àwọn ọmọ onílẹ̀ sí èdè orílẹ̀-èdè bíi Sípáníìṣì. Ọ̀wọ́ 68 ni wọ́n sì kà wọ́n sí. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní 'àṣà Mẹ́síkò' láìdárúkọ Náhuatl tàbí Màyá ti gé ìdajì ọ̀rọ̀ náà sọnù. (Tòmátì inú ọbẹ̀ Yorùbá pàápàá, ẹnu àwọn tí ń sọ Náhuatl ni orúkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde.) Orí ilẹ̀ Berom, Anaguta àti Afizere ni Jos wà, ó sì yẹ kí ọmọ tí ń kọ́ ìsọmọlórúkọ Yorùbá lè béèrè bí ọmọ Berom tí ó jókòó tì í ṣe gba orúkọ tirẹ̀.

Ó ku ti ìdánwò, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Dípò 'Kọ oríṣi ìkíni márùn-ún sílẹ̀', kí olùkọ́ béèrè pé: ìyá ọ̀rẹ́ rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìsìnkú bàbá rẹ̀ dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó bá ọ lẹ́nu ọ̀nà, kí ni ìwọ yóò wí, kí ni ìwọ yóò sì ṣe? Ẹni tí ó bá wí pé 'ẹ kú àbọ̀' nìkan yóò gba máàkì díẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ ọ́ pé òun yóò kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀, tí ó sì fi 'ẹ kú àṣẹ̀yìndè' kún un, yóò gba gbogbo rẹ̀, ìbáà tilẹ̀ ṣi àmì ohùn fi sí i.