Ìtọ́jú Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Olómi ní Ire-Àkárí

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo tọrọ àforíjì kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdí oúnjẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń jẹun lọ́wọ́, kí ó jẹun tán ná, kí ó fọwọ́, kí ó tó máa kà á lọ.

Ire-Àkárí ni wọ́n ń pe àdúgbò tí à ń gbé ní Ìsọlọ̀, nílùú Èkó. Orúkọ rere ni, nítorí ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé kí ire kárí gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ ní àrọ̀ìdá, òórùn ni ó kárí ilé wa. Irú ilé tí yàrá mẹ́rin kọjú sí yàrá mẹ́rin ni, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa sì ń lò ní ẹ̀yìnkùlé. Bí a bá da omi sí i, omi kò lọ; ńṣe ni ó ń ru padà sókè. Àwọn ayálégbé ní onílé ni kí ó san owó ọkọ̀ tí yóò wá fà á. Onílé ní òun kọ́ ni òun ń lò ó. Ọjọ́ mẹ́fà ni a fi ń ṣe àríyànjiyàn yìí, tí àwọn ọmọdé ń yàgbẹ́ sínú ọ̀rá. Ní òru ọjọ́ keje, òjò ńlá rọ̀, ẹnì kan sì dìde, ó ṣí ìdérí kòtò, ó ń fi garawa bu ohun tí ó wà nínú rẹ̀ dà sí gọ́tà. Ilẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tí ó jẹ́wọ́. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni tí ó ṣu ni í gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé. Ní ti tiwa, àwa tí a kò ṣu sí gọ́tà, tí a kò sì kó o, ni a ń fò ó kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí léèrè, ohun tí mo sì gbọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a bá ti da omi sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, tí ohun tí ó wà níbẹ̀ kò sí lójú mọ́, ó ti lọ nìyẹn. Kò lọ síbi kankan. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé l'Ékòó, kò sí páìpù ìlú tí ó ń gba ìgbọ̀nsẹ̀ láti ilé dé ilé. Kòtò tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni ó ń gbà á. Ẹ wo àwọn olówó tí wọ́n ní ọkọ̀ ojú omi kékeré fún fàájì. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà nínú ọkọ̀ náà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa omi sí i, táńkì kékeré kan ni ìgbọ̀nsẹ̀ sì ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò gbà kí wọ́n da ìgbọ̀nsẹ̀ tútù sínú omi nítòsí etí òkun. Wọn yóò gbé e kiri títí wọn yóò fi dé èbúté tí wọ́n ti lè fà á. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́kọ̀ fi máa ń kìlọ̀ fún àlejò pé ohun tí kò bá kọ́kọ́ gba ẹnu rẹ kọjá, má ṣe jù ú sí i, àfi ìwé ìnùdí. Bí ọkọ̀ yẹn gan-an ni ilé wa rí. Ohun tí a bá ṣe sínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ni ó wà.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí láyé àwọn bàbá wa àgbà. Onípóò ni wọ́n ń lò ní Èkó nígbà náà, agbépòó ni ó sì ń wá gbé e lóru, aṣọ lójú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ ohun tí ojú rẹ̀ lè rí. Ìjọba amúnisìn ní reluwé kékeré kan tí ó ń ná Ìddó sí Èkó láti 1902 di 1933. Èrò ni ó ń kó, ṣùgbọ́n wọ́n tún so ọ̀nà irin mìíràn mọ́ ọn, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kíkó ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sí èbúté tí wọ́n ti ń dà á sínú ọ̀sà. Ẹ ò rí i pé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá ti wọ reluwé rí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí tọ́ílẹ́ẹ̀tì olómi. Bí ẹ bá wo abẹ́ àwo rẹ̀, ẹ ó rí i pé páìpù rẹ̀ kò lọ tààrà, ó wọ́ bí ọrùn lékeléke. Alexander Cumming, tí ó ń ṣe aago ní London, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú ọrùn wíwọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1775. Omi díẹ̀ a máa kù sínú ibi tí ó wọ́ yìí nígbà gbogbo, omi náà ni ìlẹ̀kùn tí ó ń dá òórùn kòtò dúró. Bí omi náà bá gbẹ, ìlẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn.

Ní ti omi dídà, nítorí pé omi ẹ̀rọ kì í yọ ní ọ̀pọ̀ ilé wa, garawa ni à ń lò, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣì í ṣe. Wọn a máa ta omi sí i díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́. Bí ènìyàn bá ta garawa mẹ́ta sí i bẹ́ẹ̀, kò ní lọ. Agbára tí omi bá fi wọlé ni ó ń ti ohun tí ó wà níbẹ̀ kọjá ọrùn wíwọ́ náà. Ẹ gbé ìdajì garawa sókè díẹ̀, kí ẹ sì dà á lẹ́ẹ̀kan náà, gbàà, sí àárín àwo. Lẹ́yìn náà kí ẹ bu omi díẹ̀ sí i jẹ́jẹ́, kí omi ìlẹ̀kùn lè kún padà.

Nínú kòtò fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ń lọ. Ohun tí ó wúwo a rọlẹ̀, a di gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀rá àti ìfófòó a léfòó. Omi a wà láàárín wọn. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń jẹ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Omi àárín ni ó ń ṣàn lọ sí kòtò kejì, sókàwéè, tí ilẹ̀ yóò ti fà á mu. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìfófòó bá ti gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta kòtò, ó tó fà. Ilé onídìílé kan lè lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó dé ibẹ̀. Ilé oníyàrá mẹ́jọ kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá sì ti rọ̀ tí ilẹ̀ mu omi yó, sókàwéè kò ní ibi tí yóò da tirẹ̀ sí mọ́. Ìdí nìyí tí tiwa fi ru sókè nínú oṣù kẹfà, kì í ṣe nínú ọ̀gbẹlẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ dé níkẹyìn, ẹ̀rọ rẹ̀ fà títí, ó dákẹ́. Ọkùnrin tí ó ń ṣiṣẹ́ náà ki irin gígùn bọ ihò, ó ń fi kọ́ nǹkan jáde: àkísà, ìlédìí ọmọ, páàdì obìnrin, ìwé ìròyìn, ẹsẹ̀ bàtà ọmọdé kan. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé aṣọ ni ẹ máa ń jẹ nílé yìí ni?" Ojú tì mí. Kò sí kòkòrò tí ó lè jẹ ìwọ̀nyí. Ńṣe ni wọ́n ń gba àyè. Ọ̀rá oúnjẹ tí a ń dà sí i náà burú. Òun náà ni ó sọ fún mi pé Izal tí ìyá mi máa ń dà sí i ní ìgò kan léraléra ń pa àwọn kòkòrò tí ó ń bá wa ṣiṣẹ́. Kí a fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ àwo, kí a sì lo oògùn níwọ̀nba. Màmá kò tíì gbà títí di òní.

Nǹkan kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò dá. Atẹ́gùn inú kòtò yẹn olóró ni, ó sì lè gbiná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ inú rẹ̀ nítorí fóònù tí ó já sí i, kí ẹni tí ó bá ń ṣí i má sì ṣe tan ìṣáná wò ó. Ẹni àkọ́kọ́ a dákú, ẹnì kejì a wọlé láti yọ ọ́, òun náà a ṣubú.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀rọ̀ kànga. Àwọn onímọ̀ ìlera sọ pé ó yẹ kí kànga jìnnà sí kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ tó mítà 30. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan l'Ékòó kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní gígùn lọ, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Bí èmi bá tilẹ̀ fi kànga mi sí iwájú, tí mo fi kòtò mi sí ẹ̀yìn, kànga aládùúgbò mi lè wà lẹ́yìn ògiri kòtò mi gẹ́lẹ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, gbogbo wa ń se omi kànga kí a tó mu ún. Nígbà tí ariwo náà rọlẹ̀, a dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni kòtò àti kànga kò kúrò níbi tí wọ́n wà.

Onílé san ìdajì owó ọkọ̀, yàrá mẹ́jọ pín ìdajì kejì. Ní báyìí, yàrá kọ̀ọ̀kan ń dá owó díẹ̀ lóṣooṣù sọ́wọ́ ìyá kan nínú ilé, kí a má bàa tún jà nígbà mìíràn. A gbé agbada onídèérí sí ẹnu ọ̀nà fún páàdì àti ìlédìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ fún ìsinmi gígùn, tí ẹ ń ti ilé yín pa, ẹ da omi sí àwo kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì bo ó. Bí ẹ bá padà dé tí ilé ń rùn, ẹ má ṣe wá eku tí ó kú. Omi ọrùn páìpù ni ó ti gbẹ.