Bí Fóònù Ilẹ̀ Òkèèrè Ṣe Di Ohun Tó Ń Gba Síìmù Nàìjíríà

Àdéhùn kan tí orílẹ̀-èdè 13 ní ilẹ̀ Yúróòpù bu ọwọ́ lù ní Copenhagen ní ọdún 1987 ni ìpìlẹ̀ ohun tó mú kí fóònù tòkunbọ̀ tí wọ́n rà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù lè ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Àdéhùn náà ni ó fi ẹsẹ̀ GSM múlẹ̀, ìyẹn ìlànà kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ jọ ń tẹ̀ lé, tí ìdánimọ̀ oníbàárà sì wà lórí síìmù, káàdì pélébé tó ṣeé yọ, dípò kí ó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Ìlànà yìí kan náà ni Nàìjíríà gbà wọlé ní ọdún 2001, lórí ìgbì rédíò 900 àti 1800 MHz tí wọ́n ń lò ní ìlú ọba.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Orí ìgbì 850 àti 1900 MHz ni wọ́n gbé GSM tiwọn lé, bẹ́ẹ̀ ni Verizon àti Sprint yan CDMA, ìlànà tí Qualcomm ṣe agbátẹrù rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ fóònù rẹ̀ àtijọ́ kò ní ihò síìmù rárá.

Yàtọ̀ sí ìyàtọ̀ ìgbì àti ìlànà yìí, ìdíwọ́ tó fa àríyànjiyàn jù lọ ni títì fóònù pa. Ilé-iṣẹ́ tó bá ta fóònù ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn ọdún méjì a máa tì í pa, kí ó má baà gba síìmù ilé-iṣẹ́ mìíràn, títí owó rẹ̀ yóò fi pé. Ìbéèrè tó wá délẹ̀ ni pé, ta ni ó ni fóònù náà gan-an, ẹni tó rà á ni tàbí ẹni tó tà á? Ní ọdún 2006, Ilé Ìkówèésí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti Amẹ́ríkà, tó ní àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ náà nítorí òfin tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, fàyè gba ẹni tó bá fẹ́ ṣí fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2013, wọ́n gba àyè náà padà fún fóònù tuntun. Àwọn ènìyàn tó lé ní 114,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀hónú tí wọ́n kọ sí Ilé Funfun, èyí sì wà lára ohun tó mú kí Ààrẹ Obama bu ọwọ́ lu òfin tó dá ẹ̀tọ́ náà padà ní oṣù kẹjọ ọdún 2014. Ní ìlú ọba, wọ́n fòfin de títa fóònù títì pátápátá láti oṣù Kejìlá ọdún 2021.

Síbẹ̀, òmìnira tí káàdì tó ṣeé yọ mú wá ti ń dínkù. Ní ọdún 2022, Apple yọ ihò síìmù kúrò lára iPhone 14 tí ó ń tà ní Amẹ́ríkà, ó sì fi eSIM rọ́pò rẹ̀, ìyẹn síìmù tí wọ́n ti kàn mọ́ inú fóònù, tí kò lè ṣiṣẹ́ àfi bí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ bá fi ìdánimọ̀ oníbàárà ránṣẹ́ sí i. Ohun tí ọwọ́ oníbàárà fúnra rẹ̀ lè ṣe tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ń dúró de àṣẹ ẹlòmíràn, irú àyípadà bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ ní pípè ní ìlọsíwájú.

Nítorí náà, kí ẹni tó bá fẹ́ ra fóònù tòkunbọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ní ihò síìmù, kí ó fi síìmù tirẹ̀ pe ẹnìkan lórí rẹ̀, kí ó tó san owó.