Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́: Àlàyé lórí Orúkọ Ọkọ̀ Bọ̀gìnnì Kan ní Àwọn Ọdún 1970

Nínú gbogbo ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí àwọn olówó ilẹ̀ Yorùbá fi yangàn ní àwọn ọdún 1970, èyí tí orúkọ rẹ̀ gba ẹnu aráyé jù ni Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́. Iṣẹ́ yìí dá lé ìtumọ̀ orúkọ náà, nítorí pé bí àwọn tí ó fojú rí ọkọ̀ náà nígbà náà ṣe ń dínkù, ìtumọ̀ òdì ń gba ipò èyí tí ó tọ́.

Ẹni tí ó bá rí "Mesi oloye" nínú àkọsílẹ̀ tí kò ní àmì yóò rò pé ọkọ̀ àwọn olóyè ni. Èrò náà kò burú jù, olóyè pọ̀ nínú àwọn tí ó ń gùn ún. Síbẹ̀, oyè kọ́ ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ọyẹ́ ni. Mẹ̀sí ni ẹnu Yorùbá gé kúrú lára Mercedes; oní- + ọyẹ́ ni ó di ọlọ́yẹ́. A pa fáwẹ̀lì /i/ jẹ, ohùn òkè rẹ̀ dúró, /n/ di /l/, fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ sì ràn mọ́ ti ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀ lé e. Ìlànà yìí kan náà ni ó bí olóyè láti ara oní- + oyè. Àmì abẹ́ àwọn fáwẹ̀lì àti ohùn orí sílébù ìkẹyìn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Olùkọ́ tí ó ń wá àpẹẹrẹ tí yóò fi ìwúlò àmì han ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti rí ọ̀kan.

Kí wá ni ọyẹ́ ń ṣe nínú ọkọ̀? Ọyẹ́ a máa fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà ní nǹkan bí oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Ó ń tutù ní òwúrọ̀, ó sì gbẹ: ètè a máa là, awọ ara a sì máa funfun. Nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ó ń fún gáàsì pọ̀. Gáàsì tí a fún pọ̀ a máa gbóná. Yóò gba iwájú ọkọ̀ kọjá, yóò tú ooru rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ ìta, yóò sì di olómi. Bí ó bá tún fẹ̀ padà nínú páìpù tí ó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, yóò fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ yóò di omi, yóò máa kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ sí èrò lára tutù, ó sì gbẹ, bí ọyẹ́ gan-an. Ní èrò tiwa, orúkọ yìí péye ju amúlétutù lọ, nítorí pé ìtutù nìkan ni amúlétutù mẹ́nu bà.

Amẹ́ríkà, kì í ṣe Jámánì, ni ó kọ́kọ́ ta ọkọ̀ ọlọ́yẹ́: Packard ti ń ṣe é ní nǹkan bí ọdún 1940. Ẹ́ńjìnnì Cadillac ti dé lítà 8.2 kí epo tó wọ́n lẹ́yìn 1973. Ní 1977, wọ́n dín ọkọ̀ DeVille kù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì di lítà 7. Ọ̀wọ́n epo tí ó fún Amẹ́ríkà lọ́rùn ni ó sọ Nàìjíríà di olówó. Àgbá epo rọ̀bì tí ó jẹ́ nǹkan bí dọ́là 3 ní ìbẹ̀rẹ̀ 1973 ti ju dọ́là 10 lọ ní 1974. Inú owó yìí ni a ti ra Mẹ̀sí.

Inú Mercedes dúdú kan ni wọ́n ti pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì, 1976. Ọkọ̀ náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkàn, ní Èkó. Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tí ó gba ipò rẹ̀ ní kí àwọn aláṣẹ fi ọkọ̀ afẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa lo Peugeot 504 tí a ti ń tò ní Kàdúná láti 1975.

Ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, oyè àti ọkọ̀ tilẹ̀ pàdé lára ẹnì kan. Ọmọ-ọba Okùnadé Ṣíjúwadé jẹ́ olùdarí ọjà títà ní ilé-iṣẹ́ National Motor ní 1963. Lẹ́yìn tí ó ṣe àbẹ̀wò sí Soviet ní 1964, ó dá ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ọkọ̀ wọn sílẹ̀, kí ó tó di Ọọ̀ni ní 1980. Bóyá irú èyí ni ó ń mú kí "olóyè" rọrùn láti gbà gbọ́.

Láti ìgbà tí tòkunbọ̀ ti gbòde, ọyẹ́ ti wọ inú ọkọ̀ tí olùkọ́ lè rà. Ọlọ́yẹ́ kò ya ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ mọ́, orúkọ náà sì ti ń kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́.