Àṣẹ́kù

Àṣẹ́kù (ọ̀rọ̀ orúkọ, láti ara ọ̀rọ̀ ìṣe ṣẹ́kù): ohun tí ó kù lẹ́yìn tí a ti lo ìyókù tán.

Ìlò: Nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, òun ni ó yẹ fún ohun tí ń bẹ nínú àyè ìrántí tí ètò kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, tí kò sì tíì kọ nǹkan sí. Àwọn atúmọ̀ mìíràn a máa pe irú àyè bẹ́ẹ̀ ní òfìfo. Ìtumọ̀ yìí léwu. Àyè náà kò ṣófo. Ó dà bí igbá tí a kò fọ̀, tí ọbẹ̀ àná ṣì wà nídìí rẹ̀. Nínú èdè C, malloc a máa fúnni ní àyè láì kọ́kọ́ nù ún. Calloc ni í fi òdo kún un. (Òdo pàápàá kì í ṣe òfìfo: iye tí a kọ síbẹ̀ ni.) Bí ètò bá fi ohun tí malloc fún un ránṣẹ́ síta kí ó tó kọ nǹkan kún gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà tí ètò kan náà ti fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè bá a jáde.

Àpẹẹrẹ: Ètò náà ka àṣẹ́kù sí iye gidi. Ẹ fi òdo kún àyè náà, kí àṣẹ́kù má baà hàn sí àlejò.