Ìtọ́jú Ọgbẹ́ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Awọ Ara

Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa, ọ̀pọ̀ nínú wa ni dókítà ti gé kókó kúrò lára wọn rí, tàbí egbò jẹjẹrẹ, èyí tí oòrùn máa ń fà fún àwọn àfín. Nítorí pé aláìsàn sábà máa ń lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an, àwọn kan rò pé ọ̀ràn ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ojú ọgbẹ́ a máa pa dé kí inú rẹ̀ tó le. Ní òpin ọ̀sẹ̀ 1, agbára awọ tí a rán kò tó ìdá 10 nínú 100 ti àtẹ̀yìnwá. Lẹ́yìn oṣù 3, ó lè tó ìdá 80. Ìdí nìyí tí a fi máa ń fi okùn sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7 ní ojú, àti ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ẹsẹ̀. Ẹni tí a rán ní ẹ̀yìn tàbí èjìká, tí ó sì ń pọn omi, tí ó ń gúnyán, tàbí tí ó ń lùlù nínú ìsìn, lè fa ọgbẹ́ náà ya. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà ní orúnkún kò gbọdọ̀ kúnlẹ̀. Kí ó jókòó gbàdúrà.

Ẹ jẹ́ kí bándéèjì wà ní gbígbẹ fún wákàtí 24 sí 48, tàbí bí dókítà bá ti wí. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ rọra fọ ọgbẹ́, ẹ fi Vaseline tuntun pa á, kí ẹ sì bò ó. Ẹ má ṣe da spírìtì, omi gbígbóná tàbí ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìṣí i wò. Bí kò bá dá, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ gbàdúrà fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da òróró sójú ọgbẹ́. Wòlíì Aísáyà jíṣẹ́ ìwòsàn fún ọba Hesekáyà, síbẹ̀ ó ní kí a fi èso ọ̀pọ̀tọ́ sí oówo rẹ̀: àdúrà àti ìtọ́jú kì í bá ara wọn jà. Ẹ yọ̀ǹda wọn kúrò nínú ààwẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ni ara fi ń tún ara ṣe.

Ní ara dúdú, pípọ́n ọgbẹ́ kì í tètè hàn. Nítorí náà, bí ó bá gbóná, tí ó wú, tí ó ń yọ ọyún, tí ìrora ń pọ̀ sí i, tàbí tí ibà dé, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Ẹ sì rí i pé ẹ gba èsì àyẹ̀wò ohun tí a gé jáde, nítorí òun ni yóò sọ bóyá jẹjẹrẹ ni.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iṣẹ́ Olúwa yóò dúró dè yín títí ara yóò fi le. Àmín.